Àkàrà fún Àwọn Tó Bá Òkun Lọ

Lọ́dún tí Ìyá Àgbà wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Thamesmead, mo kọ́kọ́ rò pé ilé wa ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ kì í pariwo. Ilé náà ló ń sọ̀rọ̀: afẹ́fẹ́ ń súfèé lọ́dẹ̀dẹ̀ gígùn tó wà níwájú ilẹ̀kùn gbogbo ará ilé, líìfùtù ń kérora bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́, omi ń sáré nínú páìpù àwọn tó ń gbé lókè wa, àwọn ẹyẹ odò sì ń ké láàárọ̀ bí ọmọ ọwọ́. Àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí máa ń dá wọn lóhùn. Torí ọmọ yẹn ni Ìyá Àgbà, tó jẹ́ ìyá Daddy, ṣe wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, kó lè máa wẹ̀ ẹ́, kó lè máa pọ̀n ọ́n, kí Mummy lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ Mummy ni kó máa tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Daddy ń wa takisí. Ní tèmi, ọmọ kékeré tí kò tíì mọ nǹkan kan, iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi ni kí n máa bó ẹ̀wà, kí n máa túmọ̀ èdè òyìnbó fún Ìyá Àgbà, kí n sì máa gba ìbáwí. Mo lè pè é pé, "Grandma, wá jẹun," á wò mí láti òkè délẹ̀, á bi mí pé ọdún wo ni a jọ bí àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà á rẹ́rìn-ín, á pe oríkì mi, Àbẹ̀kẹ́, á ní kí n tún un pè. N óò ní, "Ẹ wá jẹun, mà." Nígbà náà ni á tó dìde.

Oúnjẹ rẹ̀ kò yàtọ̀: ìkọ́kọrẹ́ tó fi iṣu òyìnbó kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀ sè, tó sì ń ṣépè fún iṣu náà bó ti ń rín in. Bí èéfín bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó wà lókè àjà á figbe ta, màá gun àga, màá fi aṣọ ìnuwọ́ fẹ́ ẹ títí á fi dákẹ́. Ìyá Àgbà ní ilé tó ń ké torí pé èèyàn ń dáná, ilé burúkú ni. Mo fẹ́ràn àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Nígbà míì tí mo bá ń dáná nílé ara mi báyìí, tí òróró bá ń ta pàrà, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lẹ́yìn mi.

Ohun tó wù ú jù ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ni fẹ́rì Woolwich, ọkọ̀ ńlá tó ń kó èèyàn àti mọ́tò sọdá odò láìgba kọ́bọ̀. Mummy á gba ọmọ sílé, èmi àti Ìyá Àgbà á wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. A ó sọdá, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó tún tò padà. Omi náà rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Mo rò pé omi ló ń wò, títí di ọjọ́ tí mo tẹ̀lé ojú rẹ̀, tí mo rí i pé kì í wo omi rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ló ń wò, àwọn tó ń fa okùn, àwọn tó wọ bàtà rọ́bà. Ó ń wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ó dìgbà míì." Ganíyù ló ń wá.

Ọmọ méjì péré ló yè fún Ìyá Àgbà: Daddy, tí wọ́n ń pè ní Mùfú, àti àbúrò rẹ̀, Ganíyù. Iṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi ni Ganíyù ń ṣe. Kí n tó dáyé ni ọkọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní Àpápá, tó sì kó ẹrù lọ, tí kò gúnlẹ̀ síbi tó ń lọ. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí pákó, wọn ò rí fìlà. Nítorí náà, nílé wa, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé Ganíyù kú. "Kò tíì dé" la máa ń sọ. Àwọn àfáà ti wá sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde pé kí àwọn ṣe fídáù fún Ganíyù, ó fún wọn lómi mu, ó sì sìn wọ́n dé ojú ọ̀nà. Fọ́tò Ganíyù wà nínú báàgì Ìyá Àgbà, ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín, tí eyín rẹ̀ ní àlàfo bíi ti Daddy.

Ganíyù ní ìyàwó, Àǹtí Sìdí. Ilé Ìyá Àgbà ló ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, kò bímọ, kò kúrò. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ kì í tètè kọjá lórí tẹlifóònù sí Ìjẹ̀bú-Òde. Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń ránṣẹ́ síra wa. Ẹni tó bá ń ti ilé bọ̀ á mú un wá, Daddy á tì í bọ inú rédíò, ohùn àwọn ará ilé á sì máa jáde, tí àkùkọ á máa kọ lẹ́yìn wọn. Mo fẹ́ràn àkùkọ yẹn ju ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó dé lọ́dún yẹn, Àǹtí Sìdí nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó kí gbogbo wa, ó wúkọ́, ó ní, "Màmá, ẹnìkan wà tó fẹ́ fẹ́ mi. Tíṣà ni, ó sì ní sùúrù. Àfáà ní òfin ti tú mi sílẹ̀ tipẹ́. Kì í ṣe òfin ló dè mí, ẹ̀yin ni. Bí ẹ bá ní ọmọ yín ti kú, màá jókòó opó rẹ̀, màá sì lọ. Bí ẹ bá ní ó ń bọ̀, mi ò ní kúrò nílé yín." Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó tẹ rédíò pa.

Daddy ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀. Ó fi sùúrù sọ fún un pé Sìdí kò ní í jẹ́ ọ̀dọ́ títí láé, pé ẹnìkan ń lọ sílé lópin oṣù, òun ni yóò bá wọn mú èsì lọ. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò yẹ kó sọ, pé àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ìyá Àgbà kò gbóhùn sókè. Ó béèrè pé, "Ẹni tó pa òwe yẹn, ṣé òun ló bí Ganíyù?" Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín àwọn méjèèjì mọ́. Wọ́n ń kíra láàárọ̀, wọ́n ń dúró kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á jẹun, wọ́n á dìde. Èmi ni mo wá ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn: lọ sọ fún bàbá rẹ pé omi ti gbóná, lọ sọ fún Ìyá Àgbà pé mo dúpẹ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá kan sí ìkejì kò ju ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan lọ, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn kedere.

Àsìkò ìsinmi iléèwé ni Mummy kó gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ Auntie Inga, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó tó ń tọ́jú, torí kò sẹ́ni tí yóò dúró tì wá nílé, ara Ìyá Àgbà ò sì yá láti dá wà pẹ̀lú ọmọ. Morris Walk ni Auntie Inga ń gbé, ní Woolwich, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa. Ará Súwídìn ni. Ìgbà tó wà lọ́mọge ló wá ṣe ọmọọ̀dọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fẹ́ ọkùnrin kan tó ń rọ ìbọn ní Woolwich. Ọkọ ti kú, kò sọ́mọ. Mummy ló máa ń fọ ilé fún un, tó sì ń bá a ya irun. Bí a ṣe wọlé lọ́jọ́ yẹn, tábìlì ni mo kọ́kọ́ rí: àwo funfun mẹ́fà, ṣíbí mẹ́fà, ife mẹ́fà, kò sì sí oúnjẹ kankan. Mo bi í pé ṣé àlejò ń bọ̀ ni. Ó ní, "Wọ́n ti ń bọ̀ tipẹ́."

Ìyá Àgbà jókòó, ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n bi í léèrè àwọn wo ni. Báyìí ni ìtàn náà ṣe dé, díẹ̀díẹ̀, láti ẹnu Auntie Inga sí ẹnu mi. Níbi tí Yorùbá mi bá ti tán, Mummy á bá mi sọ ọ́ láti ìdí àwo tó ń fọ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá ìyá rẹ̀, Nils ló ń jẹ́. Ilẹ̀ rẹ̀ kún fún òkúta débi pé bí yìnyín bá ti yọ́, òkúta tuntun á ti hù, kí wọ́n tó lè gbin pòtétò, wọ́n á kọ́kọ́ kórè òkúta. Ó gbọ́ pé ilẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà tí èèyàn lè fi ọwọ́ lásán gbẹ́. Ó ta màlúù, ó ta ẹṣin, òun àti Brita ìyàwó rẹ̀ kó ọmọ márùn-ún dé èbúté. Ibẹ̀ ni ibà ti dá èyí tí wọ́n ń pè ní Elsa dúbúlẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ní àwọn ò gbé aláìsàn. Wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀. Brita ní tí àwọn bá ti kọ́lé tán, àwọn á ránṣẹ́ wá mú un. Ọkọ̀ ṣí. Kò sẹ́ni tó tún fojú kàn án. Àwọn ará èbúté ní afẹ́fẹ́ ló dá a dúró; nígbà tó yá, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. Elsa ni ìyá Auntie Inga. Títí tó fi kú, kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n kú. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ṣí, á tẹ́ àwo fún bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ mẹ́rin. Auntie Inga ń bá a tẹ́ ẹ nìṣó, torí kò mọ bí èèyàn ṣe ń dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró.

Mi ò mọ Súwídìn, nítorí náà ibi tí mo mọ̀ látẹnu Ìyá Àgbà ni mo gbé wọn sí. Lójú mi, Nils gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, Brita pọn èyí tó kéré jù, àwọn tó kù ń ru ẹrù tẹ̀lé wọn lọ́nà oko Ìjẹ̀bú, àfi pé yìnyín ló wà nílẹ̀. Títí di òní, tí mo bá dúró létí omi, mo máa ń rí wọn. Wọ́n jókòó ti àpótí igi wọn. Brita ń ya irun ọmọbìnrin àgbà, Nils ń fi ọwọ́ júwe bí ilẹ̀ ọ̀hún yóò ti rọ̀ tó. Ọkọ̀ wọn kì í rì lójú mi. Ó kàn ń lọ ni, òkun ń gbé e sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rù.

Ìyá Àgbà ní kí n bi í pé ta ló ti wá kí òun àti ìyá rẹ̀ kú ọ̀fọ̀. Auntie Inga ní kò sẹ́nìkan. Ìyá Àgbà yíjú sí Mummy, ó ní, "Láti ayé aláyé wá, kò sẹ́ni tó kí wọn?" Mummy ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ yìí ti ju hundred years lọ o." Ìyá Àgbà ní òun gbọ́, pé ọdún tó gùn tó bẹ́ẹ̀ gan-an lòun ń wí. Ó béèrè ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà. Karin tó jẹ́ àgbà wọn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń rò ó lọ, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tí a délé, ó ní ká ní wọ́n gúnlẹ̀ ni, Karin ì bá ti di ìyá àgbà, ì bá ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ì bá sì ti kú lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Gbogbo wọn ló ti dàgbà sínú omi. Òkú àgbà sì ni wọ́n, àkàrà ló tọ́ sí wọn.

Ẹni tó bá mọ àwa Yorùbá mọ̀ pé bí arúgbó bá kú, àkàrà là ń dín, tí à ń pín in fún àwọn aládùúgbò. A kì í dín in fún ẹni tó kú láìtíì dàgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà rẹ ẹ̀wà, èmi àti òun bó o títí ìka mi fi hun, ẹ̀rọ àjà ké títí ó fi sú u. Ìgbà tí a dé Morris Walk pẹ̀lú abọ́ ńlá, ó ní ká má tíì wọlé, pé aládùúgbò ló ń kọ́kọ́ gbà. Mummy ti sáré wọlé lọ gbé tíì kaná. Àwa méjèèjì ń kan ilẹ̀kùn kiri. Ohun tí Ìyá Àgbà ní kí n sọ ni mo ń sọ: àkàrà rèé, wọ́n kú nílé Auntie Inga. Ilé tí Auntie Inga nìkan ń gbé. Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá kan tó máa ń mú ajá rìn ṣí fìlà rẹ̀, ó gba àkàrà náà bí ẹni gba ẹyin. Ìyá Àgbà ní àwọn òyìnbó yìí mọ ẹ̀dùn ju bí òun ṣe rò lọ. Kí a tó pín in tán, bàbá náà ti gbé òdòdó dé ẹnu ọ̀nà Auntie Inga, omi lójú, ó kan ilẹ̀kùn, Auntie Inga fúnra rẹ̀ ló sì ṣí i.

Mummy fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń ṣàlàyé, èmi sì ti sá sẹ́yìn Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n Auntie Inga gba òdòdó náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ogiri mú, ó ní kó tó di pé òun kú gan-an, ó dára kí òun mọ ẹni tí yóò sunkún. Ó ní kí bàbá náà wọlé. Obìnrin tó fi ọwọ́ bo ẹnu náà dé. Ìyá Àgbà gbé àkàrà sórí àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí a ṣe ń kí ẹni tí àgbà rẹ̀ kú, ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lóyìnbó. Mo ní Grandma sọ pé wọ́n ti sinmi.

Auntie Inga jókòó. Ó mú àkàrà kan, ó jẹ ẹ́, ó ní ata rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó pe orúkọ: Nils, Brita, Karin, Erik, Oskar, Anna. Ó ní òun kò pè wọ́n jáde rí. Bó ti ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Ìyá Àgbà ń dáhùn pé Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ. Ìgbà náà ni Auntie Inga wojú Ìyá Àgbà, ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ta ni tìrẹ?" Mummy mi orí sí mi pé kí n má túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti ń dúró de ọ̀rọ̀, mo sì sọ ọ́.

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé báàgì rẹ̀. Ó ní, "Tèmi kò tíì dàgbà. Wọn kì í dín àkàrà fún un. Àti pé ó lè dé."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Auntie Inga mú un lọ́wọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó ń dúró dè mí kí n lè bá a sọ ọ́ tán. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi máa ń wí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà títí ó fi kú. Kì í ṣe àwọn tó wà nínú omi ni ìyà yẹn jẹ, èmi tí mo wà nínú ilé ni. Èmi ni mo ń fọ àwo wọn. Kò wojú mi rí."

Ìyá Àgbà dìde. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó dúpẹ́, a jáde. Nínú bọ́ọ̀sì, a kọjá lára odi gíga Belmarsh, ó bi mí pé àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀. Mo ní àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni. Ó ní ṣé wọ́n mọ ọjọ́ tí wọn yóò jáde. Mo ní ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ ọ́n. Ó mi orí, ó ń wo ògiri náà títí a fi kọjá rẹ̀. Ó ní, "Sìdí kò mọ̀ ọ́n."

Bí a ṣe délé, kò bọ́ gèlè. Ó ní kí n gbé rédíò wá, kí n ti kásẹ́ẹ̀tì òfìfo bọ̀ ọ́, kí n tẹ èyí tó máa ń gba ohùn sílẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lára ògiri, Mummy dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyá Àgbà jókòó tààrà, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní, "Sìdíkátù, èmi ni. O kú ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ. Ganíyù ti kú. Òkun ló gbé e. Ọmọ mi kú." Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ó ní, "Jẹ́ kí àfáà ṣe é bó ti yẹ. Tó o bá ti jókòó opó tán, lọ fẹ́ tíṣà rẹ. Má wẹ̀yìn. Tó o bá bímọ fún un, gbé e wá kí n wẹ̀ ẹ́, ilé rẹ náà nilé mi."

A kò gbọ́ ìgbà tí Daddy ṣílẹ̀kùn. Ó dúró láàárín ilé, kọ́kọ́rọ́ takisí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ìgbà yìí wá nìyẹn. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn, pé yóò ní ó ṣeun. Ìyá Àgbà yíjú sí i. Kò ní kí n bá òun sọ fún un. Ó ní, "Mùfú, o kú ọ̀fọ̀ àbúrò rẹ."

Daddy jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ó sì sunkún sókè, ẹkún tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà rí, tí àbúrò mi fi jí nínú yàrá. Ìyá Àgbà ń fi ọwọ́ pa á lórí, ó ń pè é ní ọmọ mi. Àṣé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó kí Daddy náà kú ọ̀fọ̀.